Wọ́n Gba Sísọ́ọ̀sì Mi, Wọ́n Tún Gba Ẹnu Mi

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ìyá Ìbejì, fa àga yẹn súnmọ́ mi, má jókòó lé léèsì oníléèsì. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ káàkiri Peckham, pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi tí ẹ ń pè ní Rédíò kò fọhùn. Ẹnìkan ní àìsàn ni. Ẹnìkan tiẹ̀ ní wọ́n ti dá mi padà sí Nàìjíríà; Ọlọ́run á bi í. Kọ́ọ̀tù ni mo wà. Ẹ má lanu bẹ́ẹ̀! Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Júrì ni wọ́n pè mí sí.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, owó iná ni mo pè é. Ìgbà tí mo rí kọ́ọ̀tù nínú rẹ̀, àyà mi já. Mo pe màmá mi n'Íbàdàn. Wọ́n figbe ta: "Ta lo bá jà?" Mo ní màmi, wọ́n ní kí n wá bá wọn dá ẹjọ́ ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ? Adájọ́ ńkọ́?" Ẹ ò lè bá wọn wí. Nílé wa lónìí, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Èkó mọ júrì nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Níbí, èèyàn 12 láti ìgboro ni wọ́n ń kó jọ: awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń ránṣọ. Wọn á gbọ́ tọ̀tún, wọn á gbọ́ tòsì, wọn á sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Iye ọdún tí onítọ̀hún máa lò lẹ́wọ̀n, ìyẹn kù sọ́wọ́ adájọ́.

Màmá mi fura pé ọ̀tá ló kọ orúkọ mi ránṣẹ́. Èmi náà ni ọ̀tá ọ̀hún. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, a lè forúkọ sílẹ̀ dìbò níbí, inú ìwé olùdìbò yẹn sì ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣa èèyàn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Bí o bá ti pé 18, tí o kò tíì kọjá 75, tí o sì ti gbé ìlú yìí fún ọdún 5 lẹ́yìn tí o pé 13, ó lè kàn ọ́. Obìnrin kan wà ní bulọ́ọ̀kù kejì, mi ò dárúkọ, tó ní torí ìyẹn lòun ò ṣe forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kánsù kò bá kó ìdọ̀tí, ta ló máa ń kọ́kọ́ pariwo? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó méjì ló wà lọ́rùn mi. Mo ní kí n sún un síwájú. Wọ́n gbà ọ́ láyè ẹ̀ẹ̀kan, kó sáà má ju oṣù 12 lọ. Mo gbé kàlẹ́ńdà. Oṣù wo ni Yorùbá kì í gbéyàwó ní London? Bí o bá sì ṣe bí ẹni tí kò rí lẹ́tà, owó ìtanràn lè tó £1,000. Mo bá lọ.

Wàhálà tó kọ́kọ́ dé ni ti àwọn oníbàárà. Télọ̀ bíi tèmi ti purọ́ fún aráyé débi pé òtítọ́ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Iná lọ, máṣíìnì bàjẹ́, ìyá bàbá mi kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá bàbá mi ti kú. Nígbà tí mo wá sọ pé kọ́ọ̀tù ni mo wà, pé mò ń bá ìjọba dájọ́, wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́, ẹnìkan ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Owó ńkọ́? £64.95 lọ́jọ́ ni, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́. Ti oúnjẹ, £5.71. Ẹ bá mi gbé £5.71 yẹn lọ sí Rye Lane, ẹ fi ra àmàlà, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹran bá a wá. Bí iṣẹ́ ara rẹ lo bá ń ṣe, wọ́n á ní kó o mú ẹ̀rí wá, irú ìwé tó o fi jábọ̀ owó-orí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáná òde ti sọ fún àwọn olówó-orí pé òun kò rí nǹkan jẹ lọ́dún yẹn. Ìgbà tí wọ́n pe òun náà sí júrì, ó ń wo ìwé, ìwé ń wò ó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sikiọ́ríítì ti báàgì mi bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ figbe bọnu. Sísọ́ọ̀sì ńlá mi! Ó wò mí bíi pé èmi ni olè ọjọ́ náà. Wọ́n gbà á. Mo ní Ògún, má bínú, n ó padà wá mú ọ. Lókè, ìjókòó ni. A jókòó títí, ìdí ń ro wá. Níkẹyìn wọ́n pe èèyàn 15, wọ́n fa orúkọ 12 yọ, tèmi ni ìkẹsàn-án. Wọ́n fi Bíbélì lé mi lọ́wọ́ pé kí n búra, ohùn mi ń gbọ̀n. Nílé, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra ní kọ́ọ̀tù. Irin tèmi wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ sikiọ́ríítì.

Bàbá kan jókòó tì mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ń ráhùn nípa oúnjẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́dún 1670, wọ́n gbé William Penn àti William Mead lọ sí kọ́ọ̀tù Old Bailey nítorí ìwàásù òpópónà. Ilé ẹjọ́ fẹ́ kí júrì sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Edward Bushell, ọ̀kan nínú júrì, àti àwọn yòókù kọ̀. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé fún òru méjì, kò sóúnjẹ, kò sómi, kò síná, ìkòkò ìtọ̀ pàápàá wọn ò fún wọn. Wọ́n jáde, wọ́n ní ibi tí àwọn dúró sí náà ni. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn lórí, Bushell kò san, ó di ẹ̀wọ̀n. Òun ló jẹ́ kí adájọ́ àgbà sọ ọ́ lófin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ júrì nítorí ohun tó bá pinnu. Ojú £5.71 tì mí. Wọ́n ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá yẹn ti di ọ̀rẹ́.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ẹnu mi. Adájọ́ kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, ọkọ, ọmọ, ọ̀rẹ́. A ò gbọ́dọ̀ wá ohunkóhun nípa ẹjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wọ̀n lè bá a wá. Mo délé, ọkọ mi ní báwo ni, mo ní dáadáa. Wọ́n dúró kí n máa bá a lọ. Mo dákẹ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ni.

Ẹjọ́ ti parí báyìí, ohun tí wọ́n sọ níwájú gbogbo ayé, mo lè sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan ni, kò ju àkọ́bí mi lọ. Wọ́n ní ó já fóònù gbà. Ẹni tó ni fóònù sunkún níwájú wa, kó tó di ọ̀sán mo ti dá ọmọ yẹn lẹ́bi nínú ọkàn mi. Ọjọ́ kẹta, lọ́yà tirẹ̀ náà dìde. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Ẹ rántí pé bí mo ṣe máa ń dá ẹjọ́ yín lórí àga yìí náà nìyẹn.

Wọ́n gba fóònù wa, wọ́n kó àwa 12 sí yàrá kan, wọ́n tilẹ̀kùn. Ohun tí a wá sọ níbẹ̀...

Rárá o. Ẹ padà sẹ́yìn, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, gbé àkàrà rẹ kúrò. Ta ló sọ kí ni, ta ló kọ́kọ́ yí ọkàn padà, títí ayé ni òfin fi di ẹnu mi lórí ìyẹn. Owó tí wọ́n fún wa kéré, n ó sì máa sọ ọ́ títí wọn á fi gbọ́: wọ́n ń fi àpò aláìní ṣe iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tèmi bá jókòó síbi tí ọmọ yẹn jókòó, mi ò ní fẹ́ kó jẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìkan ló máa wò ó lójú.

Bùbá rẹ á yá ní Thursday, Ìyá Ìbejì. Òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti gba sísọ́ọ̀sì mi padà.