Sà, Máìkì Yín Ò Ṣí

Ẹ̀yin olùkọ́ òfin ìhà Yábàá, ẹ kú ìnira ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ lè fi ẹnu lásán gba ọ̀daràn kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá mẹ́fà, wáyà pírọ́jẹ́tọ̀ ló wá ń mú yín làágùn níwájú ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Láti àárọ̀ lẹ ti ń ki ẹnu wáyà bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, gọ́fánọ̀ kíláàsì sì ń wò yín bí ẹni ń wo ìyá àgbà nídìí ATM.

Ẹjọ́ yín kọ́. Nígbà tí Christopher Sapara Williams fẹ́ di lọ́yà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni Inner Temple sì ti sọ ọ́ di agbẹjọ́rò lọ́dún 1879. Òkun yẹn náà ni ọ̀pọ̀ lọ́yà wa ń là kọjá títí di 1962, tí Yunifásítì Èkó àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà fi dé. Ọmọ òde òní ńkọ́? Kò tíì bọ́ aṣọ oorun, ó ti wà ní kíláàsì.

Látìgbà Kòrónà ni Zoom ti di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bàbá kan wà tí mi ò ní dárúkọ. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ló fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá ṣàlàyé òfin àdéhùn fún ogún ìṣẹ́jú gbáko kí ọmọ kan tó láyà: "Sà, máìkì yín ò ṣí." Bàbá wá ṣí tirẹ̀, àṣé ti ẹlòmíì náà ti ṣí. "Ojúẹlẹ́gba, Bárékè! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú dánfó. Kí bàbá tó bèèrè pé ta nìyẹn, èrò kan ti figbe ta: "Ó wà o!" Bàbá, ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé, gbọ́ ọ sí Ọwá, kábíyèsí wọn. Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kóòtù pàápàá ti wà lórí Zoom. Ní 4 May 2020, orí ẹ̀rọ yẹn ni Adájọ́ Mojisola Dada ti ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ti dájọ́ ikú fún ẹnì kan. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rárá. Lọ́yà tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí máìkì, oníbàárà rẹ̀ ló gbé.

Nígbà tí pírọ́jẹ́tọ̀ gbà láti tàn wàyí, ìgbín ni bàbá fi hàn lójú ògiri. Ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson ni, èyí tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1932: obìnrin kan mu ọtí atalẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un nílùú Paisley, ó ní òun bá ìgbín jíjẹrà nínú ìgò, ó sì pe ẹni tó ṣe ọtí náà lẹ́jọ́. Látinú ìgò yẹn ni òfin ti sọ pé ẹni tó ń ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tí yóò lò ó. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ọmọ Mushin kan nawọ́ sókè: "Sà, ní Ojúwòyè, owó gidi là ń fi ra ìgbín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sanwó ọtí, ìgbín tún wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá lọ sí kóòtù?" Iná lọ kí bàbá tó fèsì. Mo rò pé NEPA ló kó o yọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dẹ́kun ẹ̀rín, ó kàn yín. Àkójọ ìròyìn ẹjọ́ tí Gani Fawehinmi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1985, ṣẹ́ẹ̀fù kan ò gbà á mọ́. Lónìí ó lè wọ inú fóònù. Kí lẹ wá ń fi fóònù ṣe? Ẹ ń ya fọ́tò ojú ògiri, tòun ti ìpàkọ́ bàbá. Fọ́tò náà á lọ sùn láàárín àwòrán aṣọ ẹbí, kò ní sẹ́ni tí yóò jí i mọ́.

Tó bá di iṣẹ́ àṣetiléwá, ó di ọ̀dọ̀ ChatGPT. Ọ̀kan nínú yín kọ ẹjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá ní 1958. 1976 ni wọ́n dá ilé ẹjọ́ yẹn sílẹ̀! Adájọ́ wo ló jókòó, níbo ló jókòó sí? Ẹ má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe yín: lọ́dún 2023, ní New York, àwọn lọ́yà tó ti dàgbà kó irú ẹjọ́ àfinúrò bẹ́ẹ̀ lọ síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, wọ́n sì san owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là.

Bàbá ní òun ti gbọ́n. Ìdánwò tó kàn, bírò àti ìwé nìkan; kí wọ́n kó fóònù sẹ́nu ọ̀nà. Ó pín ìbéèrè márùn-ún fún wọn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn kiri bí aláṣẹ. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nídìí fèrèsé, ẹ̀rín náà sì ràn. Lábẹ́ ìbéèrè karùn-ún, bàbá gbàgbé láti pa ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ tó bá a ṣe é fi parí iṣẹ́ rẹ́: "Ṣé kí n tún fi márùn-ún tó le ju èyí lọ kún un?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Rárá o, sà!"