Baba Ẹgbẹ́jọdá

Ní Cripple Creek, ìlú orí òkè tí góòlù sọ di ọjà ní Colorado lẹ́yìn 1890, ẹ ò lè ṣi Baba Ẹgbẹ́jọdá mọ̀. Nísàlẹ̀ ihò kùsà, dọ́là mẹ́ta ló ń gbà lóòjọ́ bíi gbogbo ẹni tó di díígà mú. Tó bá gòkè, tó wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ, ọlọ́lá dé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ẹgbẹ́ Odd Fellows ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Knights of Pythias ni, idà ń fì nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó di Woodmen of the World, àwọn tó ń fi òkúta tí wọ́n gbẹ́ bíi kùkùté igi sí ojú oórì ara wọn. Àáké tó ń gbé dání níbẹ̀ kò gé igi rí.

Tọjọ́bọ̀ ló ga jù: Improved Order of Red Men, níbi tí òyìnbó ti ń múra bí àwọn tó kọ́kọ́ ni Amẹ́ríkà. Ìyẹ́ lórí, aṣọ awọ lára, Sachem ni wọ́n ń pe olórí wọn. Ọdún 1492 tí Columbus gúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ọdún tiwọn bọ̀. Àwọn Ute tó ni òkè wọ̀nyẹn gan-an ńkọ́? Ìjọba ti lé ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Utah ní 1881. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tilẹ̀ yọjú, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, torí òfin ẹgbẹ́ nígbà náà ni pé òyìnbó nìkan ló lè wọlé.

Gbogbo èyí ló ní ìwé. Èyí tó kọ́ sára ògiri ní ojú kan tó ń woni àti ẹ̀wọ̀n olóruka mẹ́ta. Ríbọ́ọ̀nù àyà rẹ̀ ní ojú méjì: pupa oníwúrà fún ìwọ́de, dúdú fún ìsìnkú. Bó bá gbọ́ fèrè, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó mọ èyí tó máa yí síta. Nígbà tí iná jó ìlú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin 1896, àpótí ìwé ló gbé sá, kó tó rántí bàtà.

Kì í kúkú ṣe òmùgọ̀. Bí òkúta bá wó lu ẹni tí kò ní ìyá, tí kò ní ẹ̀gbọ́n nílùú, Odd Fellows ló máa fún un lówó àìsàn, àwọn náà ló máa sin ín. Àmọ́ ìwé ìpín ilé-iṣẹ́ kùsà tó rà, tó lẹ́wà ju gbogbo ìwé yòókù lọ, kò tíì mú sẹ́ǹtì kan wálé.

Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ti gbé owó ilé mì. Nígbà tí obìnrin onílé bèèrè, ó kó rìsíìtì lé e lọ́wọ́: “Ẹ wò ó, n ò jẹ gbèsè. Akọ̀wé ti buwọ́ lù ú.”

Obìnrin náà kà á tán, ó dá a padà. “Ó dáa. Lọ sùn sọ́dọ̀ akọ̀wé.”