Orí Olórí Nínú Báàgì Mi

Àjà ilé ni mo fi ń jẹun. Láti Ìkàtẹ́ títí dé Sangotedo, bí ẹ bá wọ pálọ̀ kan tí òdòdó pí-ó-pì pagbo yí fáànù ká lókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ṣe é. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni, kò sì sí oníbàárà tó máa wo òdòdó àjà kó ní kò jọ bàbá òun. Ojúkòkòrò ló yọ mí níbẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti rí iṣẹ́ John Amanam, ọ̀gbẹ́ni ará Uyo tó ń fi sílíkóònù ṣe ìka, ọwọ́ àti etí fún àwọn tí ìjàǹbá ti gba tiwọn. Ẹbí rẹ̀ kan tó pàdánù ìka ló mú un bẹ̀rẹ̀, torí pé èyí tó ń ti òkè òkun wá, àwọ̀ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tiẹ̀ ní iṣan, ó ní èékánná, ó dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú. Lẹ́yìn náà ni mo rí Hakeem Onilogbo, tí àwọn onísinimá ń pè ní Hakeem Effects, tó ń sọ ọ̀dọ́ di arúgbó, tó ń dá egbò sójú ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Mo bi ara mi pé kí ni wọ́n ní tí n kò ní. Mo ní pí-ó-pì. Mo ní ọwọ́. Mo ní dátà.

Kò pẹ́ sí i ni Màmá kan tí mo ṣe àjà fún ní Agungi pè mí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Màmá. Ìrántí ọdún kẹwàá ikú ọkọ wọn ń bọ̀, àkó sì ló wà lọ́kàn wọn. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ẹ ní ìdúró rẹ̀. Wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, wọn á gbé e yí ìlú ká, kí wọ́n tó sin ín bí ẹni ń sin òkú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Ohun tó jẹ àwọn ọmọ olóòkú lógún ni pé kó jọ ọ́, kí ẹni tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀ pé lágbájá ló ń bọ̀ yìí.

Màmá wò mí látòkè délẹ̀. "Igi làwọn yẹn ń gbẹ́. Ìwọ tó o to òdòdó sókè níbí, orí lásán ló máa wá ṣòro fún ọ?"

"Kò lè ṣòro, Mà."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi fótò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Màmá fúnra wọn jókòó láàárín, ọkùnrin méjì tó wọ agbádá aṣọ ẹbí kan náà jókòó tì wọ́n lọ́tùn-ún lósì, fìlà méjèèjì gẹ̀ sápá kan. Wọ́n fi ohùn tẹ̀ lé e. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, àmọ́ mo gbọ́ ọ: "Ẹni ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni o. Má sì jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kì í rẹ́rìn-ín." Mo fa ojú ẹni ọwọ́ ọ̀tún kó tóbi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Sílíkóònù tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìgò méjì ni, A àti B. Ẹ ó bù ú dọ́gba, ẹ ó pò ó pọ̀. Pílátínọ́ọ̀mù bíńtín tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dì. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí pílátínọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ fojú kàn, òun náà ni imí ọjọ́. Amọ̀ aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni mo fi mọ orí àkọ́kọ́, torí pé ó dẹ̀, kì í sì í gbẹ. N kò mọ̀ pé imí ọjọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo da sílíkóònù lé e, mo dúró di ọjọ́ kejì, mo fọwọ́ kàn án: ó ń fà bí àmàlà tí kò jinná. Mo ní ó fẹ́ sùúrù ni. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó ń fà.

Mo yí amọ̀ padà. Mo tún ra ìbọ̀wọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, kí iṣẹ́ lè mọ́ tónítóní. Àṣé rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè kó lè le ni ìbọ̀wọ́ ọ̀hún. Iwájú orí dì. Àgbọ̀n dì. Imú, tí mo fọwọ́ tẹ̀ jù torí kó lè gún régé, kọ̀ kò dì. Mo wá ní bàbá àgbà kan nílé tí ikun imú rẹ̀ kì í gbẹ.

Ooru Ajah náà kò gbẹ́yìn. Ìwé tó bá ìgò wá sọ iye ìṣẹ́jú tí mo ní kí nǹkan náà tó dì, ṣùgbọ́n ooru 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ìyẹn yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ páànù ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà. Oníbàárà kan pè mí nípa àjà rẹ̀ tó sán, mo ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Kí n tó padà dé ìdí ike, ṣíbí ti dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀, kò ṣeé fà yọ. Ẹnì kan wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa gbé ìgò méjèèjì sí fíríìjì kí n tó pò wọ́n. Mo gbé wọn sínú fíríìjì ìyàwó mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀.

"Dádì wọn," ni ìyàwó mi wí, "A la máa fi jẹ ìrẹsì ni, àbí B?"

Èyí tó wá gbówó lọ́wọ́ mi jù ni pé kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ sílíkóònù àfi sílíkóònù ẹgbẹ́ rẹ̀. Sílíkóònù ni mo fi ṣe máòdù, torí pé kò sí ihò ara tàbí ìlà ojú tó kéré jù fún un láti gbà sílẹ̀. Mo wá da sílíkóònù orí sínú rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa á, kódà Fásìlíìnì. Orí àti máòdù di ọmọ ìyá kan náà. Bíléèdì ni mo fi là wọ́n, etí òsì sì bá ìjà náà lọ.

Mo ṣe òmíràn, mo fi ọ̀dà àkírílíìkì olówó gọbọi kùn ún, ojú, ètè, ìpéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ dùn ún wò. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ mi obìnrin ti rí ibì kan tí ọ̀dà ti ṣí díẹ̀, ó sì ti bó bàbá náà láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ká awọ ọ̀hún jọ, ó gbé e fún mi tọwọ́tẹsẹ̀. Sílíkóònù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀, tí wọ́n fi tínà là, ni wọ́n fi ń kun sílíkóònù. Ohun mìíràn á bó ni.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ tún di ẹjọ́. Èrò mi ni pé èèyàn dúdú, dúdú náà ni. Mo pò dúdú mọ́ búráùn, mo kùn ún kárí. Ìyàwó mi wò ó, ó ní ta ló sun bàbá yìí.

Mo bá gba Nike Art Gallery lọ, ilé alájà márùn-ún tí Màmá Nike Okundaye kọ́ sí Lekki, tí iṣẹ́ ọnà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn èèyàn ń wo àwòrán, èmi ń wo àwọn èèyàn. Mo rí i pé etí máa ń pọ́n ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, torí pé ó fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Abẹ́ ojú ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ètè ìsàlẹ̀ kì í bá tòkè mu. Adúmáadán, pupa ló wà lábẹ́ dúdú rẹ̀ tó fi ń dán. Apọ́nbéporẹ́, àwọ̀ ewé ló lúgọ sí òjìji àgbọ̀n rẹ̀. Ibi tí mo ti ń yẹ ọ̀kan wò dáadáa ni ó ti yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá ní iwájú orí mi?"

Mo ní àwọ̀ ni. Ó pe ọkọ rẹ̀.

Àmọ́ ìrìn àjò náà so èso. Mo fi kànrìnkàn tọ́ pupa lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo tọ́ yẹ́lò, mo tọ́ búlúù díẹ̀, dúdú ló kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń fi ti ìkẹyìn sí abẹ́ ojú, mo ṣàdédé sún àga mi sẹ́yìn. Ẹnì kan ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku irun. Ron Mueck, ọmọ Ọsirélíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó, ṣe òkú bàbá rẹ̀ láàárín 1996 sí 1997, gígùn rẹ̀ kò ju 102 sẹ̀ǹtímítà lọ, irun ara rẹ̀ ló sì fi sí i. Àwọn tiwa náà ti ronú kan irun tipẹ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò wẹ́wẹ́ yí ìlà irun àti ẹnu ká; àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irun tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Èmi ra àtáṣímẹ́ǹtì lọ́jà Ajah. Ó nà tọ́ọ́rọ́, ó sì ń dán yinrin. Mo bá lọ bẹ onígbàjámọ̀ àdúgbò pé kó fún mi ní irun tó fẹ́ gbá dànù. Ó gbé ìgbálẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

"Bọ̀dá, irun ta lẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn ti là mí lóye. Irùngbọ̀n ara mi ni mo gé, mo ń fi abẹ́rẹ́ gún un wọlé níkọ̀ọ̀kan. N kò wá ewú kiri. Iṣẹ́ yìí ti bá mi wá a.

Ọjọ́ tí mo máa gbé e lọ, ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo wé orí náà sínú ìró ìyàwó mi, mo kì í bọ báàgì Ghana-must-go, mo wọ dánfó ní abẹ́ bíríìjì Ajah. Ó wúwo, mo gbé e sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Ní Ikota, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan já wọ iwájú wa. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, síìpù já, orí bọ́ kúrò nínú ìró, ó yí gbirigbiri lọ síwájú, ó fara ti ẹsẹ̀ ìyá kan, ó sì kọjú sókè sí i.

Gbogbo ìyìn tí mo ń wá ló wà nínú igbe tí ìyá yẹn ké.

"Orí èèyàn o! Ẹ gbà mí o!"

Kọndọ́ ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ìlú tí ìròyìn àwọn tó ń fi èèyàn ṣòògùn owó kì í tán lórí rédíò, wọn kì í ní kéèyàn fara balẹ̀ ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Wọ́n ti gbá mi ní ṣòkòtò mú. Èmi ń ké pé, "Sílíkóònù ni! Ẹ jọ̀ọ́, Sílíkóònù ni!"

"Ẹ gbọ́!" ni ọmọkùnrin kan pariwo. "Ó ti jẹ́wọ́! Sílíkóònù lorúkọ ẹni tó pa!"

"Ara Sílíkóònù tó kù dà?" ni ẹlòmíràn bi mí, ó sì ń tú bẹ́líìtì rẹ̀.

Bàbá fọkanáísà kan tó wà lẹ́bàá títì ló yọ mí. Ó gbé orí náà, ó fi èékánná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa etí rẹ̀ gígùn, ó sì jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀ pà! "Rọ́bà ni," ni bàbá wí, bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lẹ rọ́bà. Ó dorí kodò. Fóòmù ló wà nínú ọrùn, ara fóòmù náà ni mo sì kọ ọ́ sí, kí iṣẹ́ lè fa iṣẹ́: PÍ-Ó-PÌ, ÀJÀ ÀTI ORÍ, pẹ̀lú nọ́ńbà mi. Wọ́n pe nọ́ńbà náà. Ó dún lápò mi.

Ẹni tó tú bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ ya fótò pẹ̀lú rẹ̀. Kọndọ́ ní kí n san owó èèyàn méjì, torí pé gbogbo ọkọ̀ ló rí i pé a kì í ṣe ẹnì kan. Mo san án.

Ní Agungi, Màmá ti wọ funfun, àwọn ọmọ ti jókòó. Mo gbé orí sórí tábìlì, mo dé fìlà fún un kó gẹ̀ díẹ̀, mo ṣí ìró kúrò.

"Ta nìyí?"

"Dádì ni, Mà."

"Dádì ta?" Màmá wọ gíláàsì. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rèé! Ó wà ní Àkúrẹ́! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láàárọ̀ ni!"

Mo yọ fóònù, mo nawọ́ sí ẹni ọwọ́ ọ̀tún. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin kejì. "Ọwọ́ ọ̀tún èmi tí mo jókòó ni mo wí. Tìẹ lo wá ń wò."

Òógùn bò mí, àmọ́ inú mi dùn sí ohun kan: wọ́n mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ti mọ ohun tí imí ọjọ́ ń ṣe fún pílátínọ́ọ̀mù, mo mọ àwọ̀ tó wà lábẹ́ etí adúmáadán, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló kú. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀nà ni mo mọ̀ délẹ̀délẹ̀. Ilé ni mo ṣì.

Mo ti ń wé e padà nígbà tí Màmá dá mi dúró.

"Fi í síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ mi rà ní Sangotedo, òun ló tà á, a ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ ọ́, á ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa." Wọ́n fa àga wá síwájú orí náà, wọ́n gbé gèlè wọn le dáadáa. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Nẹ́tíwọ̀kì ti dáa lónìí."

Ìdajì owó ni wọ́n san. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ láti mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo rọra béèrè ìdajì tó kù.

"Lọ gbà á lọ́wọ́ olórí," ni Màmá wí, wọn ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn, "ní Àkúrẹ́."