Tọ̀ǹbólà Treichville

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Treichville, ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwa ará Èjìgbò pọ̀ sí débi pé èèyàn lè tajà láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ Faransé kọjá iye owó ọjà. Torí pé mo lẹ́nu ni wọ́n ṣe fi mí joyè náà. Ẹnu yìí ló kó bá mi.

Ẹgbẹ́ fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì tọ̀ǹbólà, 500 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká lè fi owó rẹ̀ tún òrùlé gbọ̀ngàn ìpàdé ṣe. Ẹ̀bùn ẹyọ kan ló wà, ni àríyànjiyàn bá dé: ṣé fóònù la máa rà ni, àbí aṣọ wax fún àwọn àgbà? Mo dìde. Mo ní ìṣirò ni yóò parí ìjà yìí: ká béèrè ọjọ́ orí gbogbo èèyàn, ká pín in sí ìsọ̀rí, ká wo ibi tí ẹ̀bùn máa já sí. Ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága nìkan ni kò pa tiẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó gun orí àga.

Lára ìsọ̀rí inú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni 20 sí 30, 30 sí 40, àti 40 sí 60. Èèyàn 80 ló kọ ọ́, àmì 87 ni mo kà. Àwọn ẹni ọgbọ̀n ọdún fàmì sí ojú méjì, àwọn ẹni ogójì náà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi wọn sì kọ́. Nígbà tí mo ro gbogbo ìṣeéṣe mi pọ̀, ó ju odidi kan lọ. Àṣé ó dájú ju ohun tó dájú lọ pé ẹnì kan máa jẹ ẹ̀bùn! Díẹ̀ ló kù kí n kéde rẹ̀. Àwọn tó ka gbogbo Côte d'Ivoire ní 2021, tí wọ́n bá 29,389,150 èèyàn níbẹ̀, kò dán irú ẹ̀ wò: 20 sí 24, 25 sí 29 ni tiwọn, ọ̀kan á ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tẹ òmíràn. Àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún jẹ́ 8. 20 sí 29 jẹ́ 30. 30 sí 39 jẹ́ 22. 40 sí 59 jẹ́ 16. 60 sókè jẹ́ 4. Àwọn tí kò tíì pé ogójì wá jẹ́ 60 nínú 80, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn màmá àti bàbá tó jẹ́ ẹni 60 sókè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú ogún. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbà." Ẹyọ kan nínú ogún ni mo fẹnu sọ di òfo bẹ́ẹ̀. A ra fóònù.

Lọ́jọ́ náà, ọmọdé kan ki ọwọ́ bọ korobá, ó fa nọ́ńbà Ìyá Aláṣọ, ọ̀kan lára àwọn àgbà wa, yọ. Ìyá jó títí dé títì. Bàbá Alága kò pariwo rárá, ó kàn ní, "Akọ̀wé, ó yá, ṣàlàyé."

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ ìṣirò ní Cocody ló là mí lójú. Ó béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì tá a tà: 240. Ti Ìyá ńkọ́? 20. Àwọn ọ̀dọ́ mi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ra ẹyọ kan, àwọn mìíràn fi owó tiwọn jẹ garba. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí èèyàn lẹ kà. Tíkẹ́ẹ̀tì ló wà nínú korobá." Èmi fún Ìyá ní ẹyọ kan nínú ọgọ́rin, ohun tó rà fún ara rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú méjìlá.

Mo gbé àwọn fọ́ọ̀mù jáde kí n lè fi ẹ̀rí tọrọ àforíjì. Mo wá ti Ìyá nínú 60 sókè, n kò rí i. Kò sí nínú 40 sí 59. Inú 30 sí 39 ni mo bá a, àmì rẹ̀ sì tóbi ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ìyẹn ni pé lórí ìwé, ẹni tí kò tíì pé ogójì ló jẹ ẹ̀bùn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ! Mo sáré gbé e lọ bá Bàbá Alága. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní kí n yára dá a padà síbi tí mo ti mú un, kí akápò wa má bàa rí i. Akápò ni àkọ́bí Ìyá Aláṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.