Oríkì Fáìlì Kílíráǹsì

Fáìlì Kílíráǹsì, mo júbà. Ọmọ páálí tó dọba, àjẹ-fọ́tòkọ́pì-má-yó, a-mọ-nọ́ńbà-má-mọ-ọmọ, ìwọ tí akọ̀wé rí tó sáré wọ gíláàsì! Bí súyà ṣe ń tà ní Sábó lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tòkọ́pì ń tà lọ́sàn-án nítorí tìrẹ. Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní yunifásítì láti 1990, Ọ̀yọ́ sì ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ láti 1977, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ iléèwé kan mọ́ ọ; gbogbo Nàìjíríà ni ìjọba rẹ dé. Lẹ́tà JAMB, èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ọmọ-ìbílẹ̀, rìsíìtì owó, pásípọ́ọ̀tù: gbogbo wọn ló wà níkùn rẹ. Ebi tó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ tuntun àti ilé tí kò tíì rí gbà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bí o bá ti pé, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé. Bí ó bá sì ku ìwé kan, ọmọ tó dúró gbọnin lójú wọn kò tíì dé nìyẹn.

Àwọn onígbèjà rẹ ní bí kò bá sí ọ, ayédèrú èsì ì bá gba kíláàsì. Òótọ́ ni, ayédèrú wà. Àmọ́ fọ́tòkọ́pì ayédèrú, bí ó tilẹ̀ pé mẹ́wàá, ayédèrú náà ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń yẹ èsì WAEC wò, JAMB sì ti ń fi ẹ̀rọ CAPS ṣètò ìgbàwọlé láti 2017. Ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́, ìwọ lo gba oyè, ajókòó-gboríyìn! Àwọn mìíràn ní ìyà orí ìlà rẹ ló ń sọ ọmọ di àgbà. Ṣé ohun tí a ń ṣe fún ìyàwó tuntun nìyẹn? A ó bomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì fi ìyàwó ilé kan tì í tí yóò fi kànga, ààrò àti ìwà ìyá ọkọ hàn án. Ọmọṣẹ́ télọ̀ pàápàá, ọ̀gá á fi ẹ̀rọ hàn án kó tó fi abẹ́rẹ́ gúnra. Ọ̀gbẹ́ni Oríẹ́ńtéṣọ̀n, àbúrò rẹ, ọjọ́ kan péré ló ń lò nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n á ní kí olùgbaninímọ̀ràn dìde kí wọ́n rí i, á dìde, á jókòó, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n tún gbé ọ ga sí i, olóyè. Ní Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ adití àti afọ́jú, nítorí náà ìmọ̀ bí a ṣe ń gba oríṣiríṣi ọmọ wọlé kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fẹnu pe orúkọ lórí ìlà, tí adití kan sì wà láàárín èrò tí kò gbọ́, ìwọ ni wọ́n á gbé sókè, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà wá.