Wọ́n Ń Fi Òkè Bojú

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, ọkùnrin kì í ṣàdédé kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó o bá dán an wò, yóò yọjú lójú fèrèsé, yóò béèrè ta ló kú. Dandan ni kí ìdí wà. Ìdí tí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi rí ni òkè. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń lọ sí Skọ́tílándì láti gun òkè. Lọ́dún tí mo bá wọn lọ, Ben Nevis ni wọ́n mú, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,345. Ọjọ́ ìrìn kò tíì sún mọ́lé tí ìméèlì ti ń fò bí eéṣú. Wọ́n ra bàtà tí owó rẹ̀ tó ra ewúrẹ́ l'Áyétòrò, wọ́n tún mú ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ méjì méjì, bẹ́ẹ̀ eegun wọn le ju tèmi lọ.

Òjò pa wá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀, a ò rí nǹkan kan, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó dùn. Olúmọ tiwa l'Abẹ́òkúta kò ju mítà 137 lọ, ó sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè, lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ìyàwó òun ti kó jáde láti èṣín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò gbọ́! Ní Ìlarò tiwa, kí ìyàwó tó gbé àpótí dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ ọkọ ti jókòó sí pálọ̀, ó ń bá a bẹ̀bẹ̀, ó sì ti ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.

Àwa náà rìn o, a kàn ò mọ̀ pé fàájì ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ télọ̀ ní Ìlarò gbé alùpùpù láti Ayétòrò gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Ìlárá, kí a lè sọdá sí Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ṣéènì já nínú igbó. Ìyá kan tí a ò mọ̀ rí rokà fún wa, ó béèrè orúkọ àwọn bàbá wa, ó ní òun mọ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn. Ní bodè, ọlọ́pàá fi Faransé pè wá, ọ̀rẹ́ mi fi Yorùbá dá a lóhùn, ni ọlọ́pàá náà bá béèrè pé, "Ọmọ ta ni yín?" Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ yìí, wọn ò bi ìyá tó rokà fún wa.

Ọlábísí Àjàlá gun Vespa kiri ayé, ó sì kọ ìwé An African Abroad ní 1963. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá rìn, ta ni yóò já a nírọ́ bó bá délé tó ń pìtàn? Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Mo ti pe àwọn ará òkè náà wá sí Ìlarò. Wọ́n ní kí n fi ètò ìrìn ránṣẹ́. Télọ̀ ní ṣé wọ́n ń jẹ ata. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé wa, ẹ má ra bàtà. Ẹ mú owó sẹ́fà dání, kí ẹ sì má gbàgbé ìwé ìrìnnà, torí aṣọ́bodè lè mọ bàbá yín kó tún béèrè ìwé.