Ìbéèrè Atọ́nà àti Olùkọ́ Tó Ṣìnà

Ìkẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ni ọ̀nà ìkọ́ni tí ó fi iṣẹ́ gidi kan, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ṣe òpó tí ẹ̀kọ́ rọ̀ mọ́, dípò kí olùkọ́ máa ka nóòtù kí àwọn ọmọ sì máa dà á kọ. Èrò náà ti pẹ́ láyé: ọdún 1918 ni William Heard Kilpatrick, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ tí ó sọ ọ̀nà ìkọ́ni yìí di olókìkí jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1991, Phyllis Blumenfeld, Joseph Krajcik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé pé nǹkan méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Èkíní ni ìbéèrè tí yóò máa ti iṣẹ́ náà síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èkejì sì ni ohun àfojúrí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni àròkọ yìí pè ní ìbéèrè atọ́nà.

Fífi ìbéèrè kọ́ ọmọ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó pa àlọ́ ti mọ ìdáhùn kí ó tó la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìbéèrè atọ́nà kalẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì mọ ìdáhùn rẹ̀ tán. Gbólóhùn yìí rọrùn láti kọ sínú ìwé, àmọ́ ó gba òǹkọ̀wé àròkọ yìí, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, ní odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ìtìjú gbangba kan kí ó tó yé e. Ìjẹ́wọ́ ni ìyókù àròkọ yìí, bí ó tilẹ̀ wọ agbádá ìmọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wáyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àṣìṣe ìtumọ̀ sì ni. Olùkọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ó sì ṣàkíyèsí pé orúkọ tí àwọn òyìnbó fún ìbéèrè yìí ní ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ nínú, nítorí náà ni ó ṣe fi lẹ́tà gàdàgbà kọ “ÌBÉÈRÈ AWAKỌ̀” sí ojú pátákó níwájú àwọn ọmọ JSS 2 tí iye wọn jẹ́ 42. Ọmọ kan nawọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a máa gba láísẹ́ǹsì tí a bá parí ẹ̀?” Kí olùkọ́ tó wá nǹkan sọ, òmíràn tí bàbá rẹ̀ ń fi táksí Micra ná Mọ́kọ́lá ti fún gbogbo kíláàsì lóye pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni awakọ̀ ní, òun náà ni “Ṣé ẹ ní ṣéńjì?” Ọjọ́ náà ni ìtumọ̀ tuntun di ọ̀ranyàn, tí awakọ̀ sì di atọ́nà.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ ìbéèrè tí kò tó nǹkan, ìyẹn irú èyí tí “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lè pa lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ náà ti kọ ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lórí ẹ̀fọn àti àìsàn ibà, ó tẹnu mọ́ ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ka ìwé ìkéde ọba, ó ní: “Ǹjẹ́ ẹ̀fọn léwu fún ìlera ọmọ ènìyàn?” Ẹnu 42 pa pọ̀, wọ́n ní: “Ó léwu, sà!” Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta parí kí ẹfun tó kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ìṣẹ́jú 38 ló sì kù kí agogo tó lù.

Nígbà tí ó máa tún èyí ṣe, ó bọ́ sínú àṣìṣe kẹta, tí í ṣe òdìkejì rẹ̀. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n ìbéèrè atọ́nà ni pé kí ó wà lábẹ́ agbára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ní ìmọ̀ tó nípọn nínú, kí ó sì kan ìgbésí ayé wọn. Olùkọ́ náà ka gbogbo ìwọ̀nyí, ó gbà wọ́n gbọ́, ó sì jókòó kọ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì oníla mẹ́ta tí kókó rẹ̀ jẹ́ bí ọmọ aráyé yóò ṣe fòpin sí ibà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ kìíní dáhùn pé kí Ìjọba gbìyànjú. Ẹgbẹ́ kejì ní kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ Ìjọba. Ẹgbẹ́ kẹta sì da gbogbo ohun tí ìwé sọ nípa Ronald Ross kọ, ẹni tí ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní India ní ọdún 1897, wọn kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀, títí kan nọ́ńbà ojú ìwé.

Ibi tí ó ti ń bá wọn wí lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan ti gbá ara rẹ̀ lápá, tí ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ó sì béèrè ní èdè Yorùbá pé: “Sà, níbo gan-an ni ẹ̀fọn tó ń jẹ wá ní kíláàsì yìí ti ń wá?” Olùkọ́ náà fẹ́ bá a wí pé kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó yẹ kí ó rántí ni pé láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ìbéèrè tí ọmọ kò lè gbé délé fi bi ìyá rẹ̀ kò lè tọ́ ọ sí ọ̀nà kankan.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ti di ìbéèrè atọ́nà, kò sì sí ẹni tí ó tún ń ti iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, wọ́n yá abọ́ funfun lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ, wọ́n sì ń bu omi inú táyà, agolo, gọ́tà àti kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí wò. Nínú abọ́ funfun yẹn ni wọ́n ti rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tí kò tíì ní ìyẹ́, wọ́n sì rí i fúnra wọn pé oríṣi méjì ni: àwọn kan dorí kodò, wọ́n fi ọ̀pá ìdí wọn mí lójú omi, àwọn mìíràn sì nà gbalaja sí ojú omi bí igi tó léfòó. Olùkọ́ ṣàlàyé pé èyí tó nà gbalaja ni ọmọ ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri. Wọ́n sin díẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dé lẹ́nu, wọ́n ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ohun tí ìwé sọ kì í ṣe irọ́: láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin a di ẹ̀fọn tí ń fò.

Ọjọ́ àfihàn pé, ọ̀gá àgbà sì wá jókòó níwájú. Ohun àfojúrí àwọn ọmọ náà ni àwòrán ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lórí káàdìbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti fi yíǹkì pupa sàmì sí gbogbo ibi tí tanwíjí wà. Àmì kéékèèké ló wà níbi gọ́tà. Àmì tó tóbi jù lọ, tó tó ọsàn, wà lẹ́yìn láàbù, lórí dọ́rọ́ọ̀mù tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pọn omi sí láti sáà tó kọjá, tí ó sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára pé: “OMI SÁYẸ́ǸSÌ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ DÀ Á NÙ.” Ìyá tí ń gbálẹ̀ ti tẹ̀ lé àṣẹ náà tọkàntọkàn. Ọ̀gá àgbà wo àwòrán, ó wo olùkọ́, ó ní: “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yìí?” Nínú gbogbo ìbéèrè iṣẹ́ àkànṣe náà, òun ló kúrú jù, “bẹ́ẹ̀ ni” sì tó láti dáhùn rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn kò tíì béèrè, àlọ́ ni ó ń pa. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán ọ̀nà ìkọ́ni yìí wò fi etí sí ohun tí àwọn ọmọ ń bi ara wọn léèrè, kí ó mú èyí tí òun pẹ̀lú kò mọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n tọ̀ ọ́ dé ibikíbi tí ó bá lọ. Bí ó bá sì ní dọ́rọ́ọ̀mù lẹ́yìn láàbù, kí ó tètè lọ dà á nù.